Àgbẹ̀ Tí Kì Í Dáná Sun Oko

“Ẹ bi gbogbo ará ìlú Elelenwo yìí léèrè! Láti ọjọ́ tí mo ti ń dáko, n ò dáná sun pòròpórò àgbàdo rí. Mo máa ń rì í mọ́lẹ̀ ni!”

Àgbẹ̀ náà fọwọ́ sọ̀yà níwájú Bùkọ́lá, tó wá láti ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fún àgbẹ̀ tó bá dín èéfín oko rẹ̀ kù. Owó yẹn ni àgbẹ̀ náà fẹ́ fi san owó ilẹ̀ fún onílẹ̀, kó má baà gba oko lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà,” ni Bùkọ́lá wí. “Èéfín tí àgbẹ̀ ń rú tẹ́lẹ̀ tí kò rú mọ́ la máa ń wọ̀n. Ẹ̀yin ò rú u rí. Kí la fẹ́ wọ̀n?”

“Nọ́fíù tí oko wa jọ pààlà, tó ń sun tiẹ̀ lọ́dọọdún ńkọ́?”

“Àwọn ti jáwọ́ nínú sísun ún lọ́dún yìí, sà. Wọ́n ti gbowó.”

Ara àgbẹ̀ kú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́. Ó kàn yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Alimat, bá mi mú ìṣáná wá.”

“Kò sí nílé,” ni Alimat wí. “Ẹ lọ yá ti Nọ́fíù. Òun ò kúkú lò ó mọ́.”