Èèkàn Aláṣọ Pupa ní Igbó-Ọ̀rúrù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wọ abúlé Igbó-Ọ̀rúrù, Akíntìmẹ́hìn àti Adéuyì àbúrò rẹ̀ jókòó lórí àpótí méjì níwájú ilé wọn, wọ́n ń jẹ iṣu sísun. Adéuyì há ibi tó jóná kúrò lára iṣu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó gbé e fún un, bó ti máa ń ṣe láti kékeré. Akíntìmẹ́hìn gba iṣu náà, ó yẹ iwájú rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Kí lo fi sí i?"

"Epo ni, ẹ̀gbọ́n. Bó bá jẹ́ májèlé ni, ẹ ì bá ti kú tipẹ́tipẹ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Bí Akíntìmẹ́hìn ti rí nìyẹn. Kò sí ẹni tí kì í fura sí. Bó bá ti ilẹ̀kùn abà rẹ̀, a ta òwú sẹ́nu ọ̀nà, kó lè mọ̀ bí ẹnì kan bá gba ibẹ̀ wọlé. "Ìfura loògùn àgbà," ló máa ń wí. A kò sì lè dá a lẹ́bi pátápátá. Àwọn agégẹdú kan ti fi ẹnu dídùn kó igi oko bàbá wọn lọ rí, wọn kò sì padà wá.

Ní Igbó-Ọ̀rúrù, ọ̀dà dúdú máa ń sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, a rọ̀, a sì lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Ọ̀dà yìí àti epo rọ̀bì ni àwọn àlejò náà wá ṣe ìwádìí lé lórí. Olórí wọn ni Ìbídùnní, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Wọ́n lu ihò tóóró sílẹ̀ kiri oko, wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ sínú àpò. Lẹ́bàá igi ọ̀rúrù kan nínú oko tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí, wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n sì so aṣọ pupa mọ́ ọn.

Ìbídùnní kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀ níbí. Gáàsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, irú èyí tó wà nínú sílíńdà ìdáná. Ẹ má sì mú iná dé ìtòsí rẹ̀. A ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, a ó ṣàlàyé fún gbogbo ìlú."

Akíntìmẹ́hìn mi orí, kò bi í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ ó ní: Kí ló dé tó fi jẹ́ ibí yìí nìkan? Ẹni tó bá rí oyin kì í kígbe oyin. Agbọ́n ni yóò ní òun rí.

Bí àwọn àlejò ti lọ tán, ó fa èèkàn náà tu, ó sì pe Adéuyì pé kó gbé ọkọ́ wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dúró dọjọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ ká bi í léèrè ná."

Akíntìmẹ́hìn wò ó títí. "Àbí òun àti ìwọ ti jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adéuyì lára. Kò fẹ́ kí ọmọ ìyá rẹ̀ fura sí òun. Ó gbé ọkọ́, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ títí ihò náà fi jìn ju èèyàn lọ, tí ilẹ̀ sì ṣú.

Ẹ ti mọ àṣà wa. Bí ihò kànga tí à ń gbẹ́ bá sùn mọ́jú, ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé wọ inú rẹ̀. Àtùpà ni a máa ń so mọ́ okùn, tí a ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Bí iná bá kú, afẹ́fẹ́ inú ihò kò dára nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Akíntìmẹ́hìn tan àtùpà.

"Ẹ̀gbọ́n, obìnrin yẹn ní ká má mú iná débẹ̀."

"Kí ojú wa má bàa tó ohun tó wà nísàlẹ̀ ni! Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, jàre."

Adéuyì bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ihò, ó ń sọ àtùpà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Akíntìmẹ́hìn kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ṣọ́ ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọjú lójijì. Ìdí nìyẹn tí iná tó bú jáde fi bá a lẹ́yìn nìkan. Ojú àti àyà ló ti bá Adéuyì. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tó fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ ọjà, Ìbídùnní dé. Ilé ọ̀fọ̀ ló kọ́kọ́ yà. Akíntìmẹ́hìn wá béèrè ohun tó yẹ kó ti béèrè: "Ọmọ mi, kí ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an?"

"Gáàsì ni, Bàbá. Ohun tí mo sọ fún yín náà ni. Kò sí nǹkan mìíràn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìfura loògùn àgbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn ní ìwọ̀n. Bó bá kọjá ìwọ̀n, májèlé ni. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá kọ yín lóminú, ẹ bi í léèrè, ẹ tún bi ẹlòmíràn. Ẹ má fi ọkàn yín nìkan ṣe adájọ́. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Akíntìmẹ́hìn ti dá èèkàn náà padà sáyè rẹ̀. Bí aṣọ rẹ̀ bá ṣá, a so òmíràn. Àpótí méjèèjì ṣì wà níwájú ilé. Bó bá sun iṣu, òun fúnra rẹ̀ ló ń há ibi tó jóná.