Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Fìlà Funfun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sì fi sílẹ̀. Ẹ kà á tán, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ní kí ẹ̀yin náà na apá yín kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀.

1.
Israfil ló ń gba ẹ̀jẹ̀ ní lábù kan ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ ẹ̀ fúyẹ́. Tó bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tán, onítọ̀hún á ṣì máa béèrè pé, "Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀?" Àwọn àgbàlagbà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó mú síríńjì.

Ìṣòro ẹ̀ kan ni pé kì í béèrè orúkọ àgbàlagbà.

Madam Oyèrónkẹ́, ọ̀gá ẹ̀, ti sọ ọ́ títí ó ti sú u. "Israfil, béèrè orúkọ. Jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́. Kọ ọ́ sára ìgò ẹ̀jẹ̀ níwájú wọn, kí wọ́n tó dìde. Òfin ni."

"Mà, kí n wo ojú ẹni tó bí bàbá mi, kí n ní kí lorúkọ ẹ̀? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo mọ ojú gbogbo wọn."

"Ojú kọ́ là ń kọ sára ìgò."

2.
Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, Madam lọ sí Ọjà Igbó. Bàbá méjì wọlé, àyẹ̀wò ṣúgà ni wọ́n wá ṣe. Alhaji Gàníyù tó ń ta pákó dé fìlà funfun. Ọdún kẹta nìyẹn tó ti ń lo oògùn ṣúgà. Èkejì dé fìlà pupa, àgbẹ̀ ni, láti Ọ̀yọ́ ló ti wá kí àbúrò ẹ̀. Kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ó kàn ní kí òun yẹ ara òun wò ni. Bàbá Fádèyí lorúkọ ẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin ti mọ̀, Israfil ò mọ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, ó kọ ọ́ sára ìgò: "Bàbá Fìlà Funfun." "Bàbá Fìlà Pupa." Inú ẹ̀ dùn sí ọgbọ́n tó dá.

Àwọn bàbá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n ń dúró de èsì.

"Alhaji, fìlà yín yìí máa bá orí mi mu ju tiyín lọ."

"Orí yín ńlá yẹn? Ẹ gbé e dé ká wò ó."

Ó bá a mu lóòótọ́. Alhaji náà dé fìlà pupa, ó wo ara ẹ̀ nínú fóònù, ó ní òun ò dá a padà mọ́. Bí wọ́n ṣe pààrọ̀ fìlà nìyẹn, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Israfil jáde, ó wo fìlà, ó pín èsì.

3.
Alhaji rí i nínú bébà pé òun ò ní ṣúgà rárá. Ó délé, ó ti oògùn ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màálítì láàárọ̀, oyin nínú tíì, dàbínù abọ́ kan lálẹ́.

Raliat ìyàwó ẹ̀ ní, "Alhaji, ẹ rọra o."

"Ìwọ lo ò fẹ́ kí n gbádùn."

Ní Ọ̀yọ́, Bàbá Fádèyí gbé bébà tiẹ̀, tó ní ṣúgà ẹ̀ ga, lọ sí kẹ́mísì kan. Ẹni tó ń ta oògùn níbẹ̀ ò béèrè nǹkan kan, ó kàn tà á fún un. Bàbá ò mu gààrì oníṣúgà mọ́, ó ń gbé oògùn mì bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń bò ó láàárọ̀ kùtù. Ojú ẹ̀ ń rí nǹkan kan ní méjì: ó lé ewúrẹ́ kan jáde nínú ilé, ó sì ń béèrè ibi tí èkejì wọlé sí.

4.
Láàárọ̀ Fúráìdeè, Alhaji ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó ẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n ní ṣúgà ẹ̀ ti ga kọjá ààlà. Raliat gbé bébà lọ sí lábù.

"Èsì ta lẹ fún ọkọ mi?"

Madam mú ìgò jáde nínú fìríìjì, ó kà á. "Bàbá Fìlà Funfun. Israfil, ta nìyí?"

Raliat ní, "Fìlà pupa ni Alhaji dé wálé lọ́jọ́ yẹn. Mo tiẹ̀ bá a jà lórí ẹ̀."

Madam jókòó. "A jẹ́ pé bàbá kan wà níbì kan tó ń lo oògùn ṣúgà, tí kò sì ní ṣúgà. Oògùn yẹn lè pa á. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Israfil ní, "Wọ́n ṣáà ní Ọ̀yọ́ làwọn ti wá, mà."

"Nọ́ńbà ẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò gbà á, mà." Ó mú báàgì ẹ̀, ó gba gáréèjì lọ.

5.
Ọ̀sán ni Israfil bọ́ọ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ó bá ọlọ́kadà kan. "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá bàbá kan."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Wọ́n dé fìlà funfun."

Ọlọ́kadà nawọ́ sí mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Jímọ̀ọ̀ tán ni, fìlà funfun tó ń tú jáde lé ní igba. "Mú èyí tó bá wù ẹ́."

Ẹ̀gún méjì ló ti gún Israfil lórúnkún níbi tó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá oníbàbá kí fóònù ẹ̀ tó dún. Alhaji ló ń pè, Raliat ti bá a gba nọ́ńbà Israfil. Ó ti lajú ní ọsibítù, ohùn ẹ̀ ò tíì jáde dáadáa.

"Ṣé Fádèyí lò ń wá? Àárọ̀ àná la sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Jẹ́ kí n fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ."

"Sà, báwo lẹ ṣe mọ orúkọ wọn?"

"Mo bi í ni."

Ìyàwó bàbá ló gbé fóònù, ó júwe ilé. Orí ẹní ni Israfil ti bá Bàbá Fádèyí, òógùn ti mú ara ẹ̀ rin gbingbin, fìlà funfun ṣì wà lórí ẹ̀. Bí Madam ṣe sọ ọ́ fún un lórí fóònù, ó wò ó bóyá bàbá ṣì lè gbé nǹkan mì, ó po ṣúgà mọ́mi, ó ń fún un díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù.

Nígbà tó ṣe, bàbá lajú. "Ìwọ ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀. Kí lorúkọ ẹ gan-an?"

"Israfil, sà." Ó mú bírò jáde. "Orúkọ tiyín ńkọ́, sà?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè."

6.
Kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ Fọlábí, ọmọ Alhaji, lọ́yà ni. Ìwé tó kọ sí lábù ju ojú ewé mẹ́rin lọ, ó sì so fọ́tò ìgò yẹn mọ́ ọn. Àwọn bàbá méjèèjì ló bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà pé òun ò ní gbé Israfil lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lábù ti lọ lọ́wọ́ Israfil.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín tí kò béèrè orúkọ yín, ẹ ká apá yín kò. Ẹ ní kó kọ ọ́ sára ìgò níṣojú yín. Tí wọ́n bá fún yín ní èsì, ẹ wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀ kí ẹ tó gbé oògùn kankan mì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ó dáa. Tí ẹ bá ti dìde, ẹ béèrè orúkọ. Àgbàlagbà tó bínú torí pé ẹ bi í lórúkọ, ẹ̀mí ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ tó fi ń bínú.