Abẹ̀bẹ̀ Tó Gba Orúkọ Mi Là

Láníyọnu pè mí ní oníjìbìtì lójú gbogbo ayé. Mi ò jalè, mi ò ṣe ojúsàájú, mi ò bá a jà rí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa wò yín, ẹ súnmọ́ mi kí n sọ bó ṣe rí. Inú ń bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ tó wà lẹ́nu mi ju ìbínú lọ.

Ilé géèmù ni mo ní nílùú Ìnísà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Mò ń wò ó, mò ń bà á jẹ́, mò ń tún un ṣe, títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù orí géèmù dé àṣekágbá, mo so ẹ̀rọ géèmù mọ́ láptọ́ọ̀pù mi, kí àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lẹ́yìn odi lè máa wo eré náà ní tààràtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo tún fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù kan náà máa gba eré ọ̀hún sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti gbó. Tó bá ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, á gbóná bí ìkòkò orí iná, àwòrán á máa dúró, á máa fò.

Láníyọnu àti Sàlámì wà lára àwọn tó ń gbá géèmù lọ́dọ̀ mi; Láníyọnu ti na Sàlámì jáde nínú ìdíje yẹn. Ẹlòmíì ì bá ti bínú lọ sílé. Sàlámì ò lọ. Ó ní, "Màmá Géèmù, ẹ jẹ́ ká dín dídán àwòrán tó ń lọ síta kù díẹ̀, kí ẹ̀rọ lè rí agbára gba eré sílẹ̀ sínú ara ẹ̀." Ó yọ abẹ̀bẹ̀ ìyá mi lára ògiri, ó jókòó ti láptọ́ọ̀pù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ.

Láníyọnu bú sẹ́rìn-ín. "Sàlámì, ṣé àgbàdo lò ń yan ni?" Ó kọjú sí mi. "Màmá, ẹ fi gbogbo agbára ẹ̀rọ yẹn fi mí han aráyé, kí n dán! Àwọn èèyàn mi ń wò mí láti Kùtọnu. Ta ló nílò èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀?"

Mo dín dídán náà kù bí Sàlámì ṣe wí, mo ní, "Gba pádì ẹ, jàre."

Fẹ́yíṣara, ọmọ àbúrò mi, lòun àti ẹ̀ jọ gbá àṣekágbá. Láníyọnu ti ní góòlù méjì sí ọ̀kan nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi ò rí nǹkan kan mọ́. Àwa mẹ́rin péré tá a wà nínú yàrá ń bá eré lọ. Fẹ́yíṣara jẹ ọ̀kan, wọ́n di ọgbọọgba. Ó tún jẹ òmíràn. Eré parí.

Láníyọnu yọjú wo láptọ́ọ̀pù, ó rí i pé a ò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Góòlù wo? Ta ló rí i? Ìgbà tí ayé wò mí kẹ́yìn, èmi ni mò ń borí."

Fẹ́yíṣara ní, "Bùọ̀dá Láníyọnu, ṣebí ojú yín ló ṣe?"

"Ojú tèmi kì í sọ̀rọ̀."

Ó jáde, ó gbé fóònù, ó sọ fún gbogbo ayé pé èmi ni mo pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tí mo rí i pé wọ́n ń na ọmọ àbúrò mi. Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni màá pè ní ẹlẹ́rìí? Fẹ́yíṣara, ẹbí mi? Sàlámì tí Láníyọnu ti na jáde? Àwọn òbí ní káwọn ọmọ wọn má wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ilé géèmù mi dá páropáro.

Sàlámì ló rán mi létí. "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, ẹ̀rọ ò kú. Ẹ ṣí eré tó gbà sílẹ̀."

A ṣí i. Gbogbo ẹ̀ pé síbẹ̀, góòlù tó kẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Makirofóònù tí mo fi ń ṣàlàyé eré ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ti gbé ohùn Láníyọnu ketekete: "Ta ló rí i?" Mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kùtọnu gbọ́, Ìnísà gbọ́. Ife ẹ̀yẹ dọ́wọ́ Fẹ́yíṣara, àwọn ọmọ sì padà kún ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má yí òótọ́ padà nítorí pé ẹ rò pé ẹnikẹ́ni ò rí yín. Òótọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Sàlámì, o ṣeun. Apá tó o fi fẹ́ abẹ̀bẹ̀ yẹn ò ní rọ. Abẹ̀bẹ̀ ti padà sára ògiri, mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Láníyọnu náà ti wá. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Ẹ má bínú, Mà." Láníyọnu, gbangba lo ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ìwọ tó o fẹ́ kí gbogbo ayé rí ẹ, ìgbà wo lo máa jẹ́ kí wọ́n rí ẹ níbi tó o ti ń tọrọ àforíjì? Dá mi lóhùn.