Ọ̀rá Tí Bọ́láwálé Fi Bo Kọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó máa fi ránṣẹ́ káàkiri. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ìsàlẹ̀ ni kókó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń tì lójú.

1.
Ọkùnrin kan wà ní Arámọkọ tó ń jẹ́ Bọ́láwálé, ọmọ tíṣà. Òun àti Nàfísàt, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ìlógbò, jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì jọ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Kọ̀ǹpútà Àtúnbí. Kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ́fíìsì bá ti pa tì ni wọ́n ń lọ kó. Tẹ́lẹ̀, orí ààtàn ni àwọn ọ́fíìsì ti máa ń dáná sun ún, tí èéfín dúdú á máa wọlé onílé. Àwọn méjèèjì á tú u, wọ́n á nù ún, wọ́n á pààrọ̀ ohun tó kú nínú rẹ̀, wọ́n á sì tà á fún ilé-ẹ̀kọ́ tí agbára wọn ò ká tuntun.

Wọn kì í dì í sínú páálí. Àkísà ni wọ́n fi ń wé e, wọn á sì kó àkísà náà padà. Sítíkà kan máa ń wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá bàjẹ́, ẹ má jù mí nù, ẹ dá mi padà." Láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, kò sí pírínsípà tí kò mọ sítíkà yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé iṣẹ́ gidi kọ́ nìyẹn?

2.
Ìgbéraga ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Níbi àpèjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní Ìjerò, Michael, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, gbé jíìpù dé láti Àbújá. Ó rí sítíkà lára kọ̀ǹpútà tí Bọ́láwálé gbé wá, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ́lá! Ìwọ tó ń gba ipò kìíní, ìwọ lo wá di oní-tòkúnbọ̀?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Bọ́láwálé dé egungun. Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Nàfísàt, a ò lẹ sítíkà mọ́. Páálí tuntun, ọ̀rá tuntun. Tuntun la ó máa pè é."

"Ọ̀rá kẹ̀? Àwa tá a ní ìdọ̀tí ti pọ̀ jù nílùú?"

"Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́."

"Bọ́lá, uṣẹ́ wa kì í ṣe uṣẹ́ ìtìjú. Bí irọ́ bá ti wọ̀ ọ́, mi ò sí ńbẹ̀."

Etí ikún ló kọ sí i. Nàfísàt kó irinṣẹ́ rẹ̀ àti ìyókù sítíkà, ó gba Ìlógbò lọ.

3.
Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí ló kọ́kọ́ ra "tuntun" náà. Àwọn òbí ló dáwó jọ. Ìyáàfin Adéjọkẹ́, pírínsípà wọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ ṣáà mọ ohun tá a máa ń ṣe sí nǹkan tuntun. Àga tuntun, a kì í bọ́ ọ̀rá rẹ̀. Rímóòtù tẹlifíṣọ̀n, inú ọ̀rá ló ń darúgbó sí. Pírínsípà náà dúró láàárín yàrá, ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bọ́ ọ̀rá yìí o!" Wọ́n gé iwájú rẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń mí, inú ọ̀rá ló wà.

Kò pẹ́ tí Daniel, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, fi pe Bọ́láwálé. "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yìí ń gbóná bí ààrò. Ṣé ká bọ́ ọ̀rá yẹn?"

Ibí yìí gan-an ló ti lè gba ara rẹ̀ là! Ó mọ̀ pé ọ̀rá ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bọ́ ọ, wọ́n á rí orúkọ ọ́fíìsì àtijọ́ tí wọ́n fín sára rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," ló sọ. "Bí tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

4.
Ọ̀sán gangan ni, àwọn ọmọ ń fi kọ̀ǹpútà gbára dì fún ìdánwò àṣewọ yunifásítì. Èéfín yọ. Kí wọ́n tó pa iná, ọ̀rá ti yọ́ mọ́ ọn lára. Ọlọ́run ló ṣe é, gbogbo ọmọ jáde láìfarapa, ṣùgbọ́n kò ku kọ̀ǹpútà kan tó lè tàn. Ibi tí ọ̀rá ti yọ́ ni orúkọ ọ́fíìsì ti yọjú.

"Ọ̀gbẹ́ni Bọ́láwálé, kí ni mo ń wò yìí?" Ìyáàfin Adéjọkẹ́ ló bi í bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é dé.

"Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú..."

"Ká ní ẹ sọ pé àtúnṣe ni, tọwọ́ tẹsẹ̀ la ò bá fi gbà á. Tòkúnbọ̀ ò ṣe wá ní nǹkan kan. Irọ́ yín ló jóná mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán Bọ́láwálé àti kọ̀ǹpútà tó jóná ti wà lórí fóònù gbogbo wa. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó tún rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́láwálé ti ṣọ́ọ̀bù pa. Michael tó fi í ṣẹ̀sín ńkọ́? Kò tilẹ̀ rántí ohun tó sọ mọ́.

5.
Ní Ìlógbò, àkísà ni Nàfísàt ṣì fi ń wé tirẹ̀, sítíkà ṣì wà lára rẹ̀, ọjà sì ń yá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kadà gbé Bọ́láwálé dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti rù.

"Nàfísàt, ṣé ẹ ṣì ń gba èyí tó bàjẹ́ padà?"

Nàfísàt ti bẹ́ǹṣì kan sí i. "À ń gbà á. Ṣùgbọ́n a máa kọ́kọ́ tú u ná."

Bọ́láwálé jókòó, ó sunkún. Kì í ṣe ọ̀gá níbẹ̀ títí dòní, àkísà ló ń fọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mò ń kìlọ̀ o! Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ, tó sì ń tún ìlú ṣe, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín ẹnìkan mú ọ fi irọ́ bò ó. Bí o bá sì ti purọ́, tí ẹnìkan wá bi ọ́ léèrè, sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó di èéfín. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.