Ta Ló Gbá Góòlù Ọjọ́ Òjò?

Nígbà tó pé ogójì ọdún géérégé tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú kékeré náà gba ife kan ṣoṣo tí wọ́n gbà láyé, àwọn àgbà ẹgbẹ́ pinnu pé ó tó àkókò kí ìtàn wọn wọ inú ìwé. Aránbàtà ni wọ́n yàn láti kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, ó sì ti tún bàtà wọn ṣe pẹ́ débi pé ó mọ ẹsẹ̀ wọn ju bí ìyàwó wọn ti mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí Alága fi ohùn òkè sọ.

"Ìwọ nìkan ni a kò bí sí ìlú yìí, o ò lè gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. O ò sì gbá bọ́ọ̀lù fún wa rí."

"Òótọ́ ni, Alága," ni Aránbàtà wí. "N ò gbá bọ́ọ̀lù fún yín rí."

Ọdún tí wọ́n gba ife náà ni ó dé ìlú. Ọkọ̀ tó gbé e wá gbéra láìdúró dè é, ó sì sùn sí ìsọ̀ aránbàtà kan, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ọmọ ọ̀gá rẹ̀ ló sì fi ṣaya. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní àlejò kẹ́yìn. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tẹríba lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọ ìsọ̀ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ igi àjà.

Apá tó pọ̀ jù nínú ìtàn náà kò ṣòro. Ní ọdún kìíní, góòlù mẹ́sàn-án ni àwọn alátakò gbá sí wọn, ní ọdún kejì, méje, akọ̀wé ìgbà náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "A ń tẹ̀ síwájú." Ọdún kan wà tí ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n rárá, nítorí omi gbé pápá lọ. Ọdún mìíràn, àwọn alátakò wọn ṣìnà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ sì fi ọjọ́ méjì yọ ayọ̀ ìṣẹ́gun. Ọdún ife nìkan ló ní wàhálà. Góòlù kan sódo ni wọ́n fi na ìlú òdìkejì odò nínú òjò ńlá. Alága sì ti ṣèlérí pé orúkọ ẹni tó gbá góòlù náà ni wọn yóò kọ sára ògiri ilé ìjókòó òǹwòran tuntun ní ọjọ́ Sátidé. Ọkùnrin mẹ́ta ló sì ní àwọn ni.

Báábà ń fá irun oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí Aránbàtà wọlé.

"Ẹsẹ̀ òsì yìí ni!" Báábà gbé ẹsẹ̀ sókè, abẹ sì ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà di àga mú. "Ẹrẹ̀ ló bò wá tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i. Ìyá tó bíni gan-an ò lè dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ náà!"

Télọ̀ ní orí lòun fi kàn án. "Irọ́ ni báábà yẹn ń pa, ẹsẹ̀ òsì wo? Ẹsẹ̀ tó ń fà nílẹ̀ bí aṣọ tó gùn jù! Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ o. Rántí pé ṣòkòtò tó o fẹ́ wọ̀ ní Sátidé ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Onífọ́tò ní tirẹ̀ mú àwòrán jáde, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ yà lọ́jọ́ náà. Òkìtì ènìyàn nínú ẹrẹ̀ ni.

"Èmi rèé."

"Ẹsẹ̀ nìkan ni mo rí."

"Ẹsẹ̀ mi ni! Ṣé o rí ọkùnrin gíga gbọ̀ngbọ̀nràn tó ká ọwọ́ lérí yìí? Ọ̀kan nínú àwọn ará òdìkejì odò ni, àwọn tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Òmùgọ̀ yẹn sunkún bí ọmọ ọwọ́."

"Òjò ni," ni Aránbàtà wí.

"Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé òjò rọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ìyàwó rẹ̀ bá a tí ó jókòó ti ìwé.

"Bàbá wọn, ta lẹ fẹ́ kọ?"

"Òtítọ́ ni n ó kọ."

"Kí wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní àlejò lọ́jọ́ ogbó?"

Aránbàtà ń kọ̀wé lọ. Obìnrin náà wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó ṣí àpótí irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó tú aṣọ àtijọ́ kan tó fi ń wé òòlu rẹ̀ tó dára jù, ó lọ fọ̀ ọ́, ó sì sá a.

Ní Sátidé, akunlé dúró ti ògiri pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó níwájú, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ nínú àpò. Oòrùn mú, síbẹ̀ Aránbàtà de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ dé ọrùn. Ó kàwé títí ó fi kan ọjọ́ òjò.

"Kọ́nà ni wọ́n gbá. Bọ́ọ̀lù náà kò kan ẹsẹ̀ Báábà. Kò kan orí Télọ̀. Onífọ́tò kò sì rí i rárá, nítorí ó ti ṣubú."

Ariwo ta. Télọ̀ ní kí wọ́n gba ṣòkòtò òun padà lọ́wọ́ òpùrọ́ náà.

"Orí ta ló wá kàn?" Alága pariwo.

Aránbàtà tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wọn lè rí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí ìyàwó rẹ̀ fọ̀, èyí tó wọ̀ wọ ìlú náà nínú ọkọ̀ àwọn ará òdìkejì odò ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ó sì fi ìka kan iwájú orí ara rẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù náà ti bà kí ó tó wọ inú àwọ̀n ilé tí òun gan-an ń ṣọ́.