Àbùjá Etí Òkun

Aago mẹ́wàá ni ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èmi ni mò ń wakọ̀. Òkun wà lọ́tùn-ún, igbó wà lósì, ilé kan ò sí lójú ọ̀nà.

"Ọ̀rẹ́, ṣó dá ẹ lójú pé ọ̀nà àbùjá lèyí?"

"Fọkàn balẹ̀, ọkọ ìyàwó."

Òógùn ti rẹ kóòtù ẹ̀.

"Ewúrẹ́ oníwo kan yìí, a ti kọjá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta!"

"Irú ẹ̀ pọ̀ níbí."

Ó mí kanlẹ̀. "Kò burú. Ìyàwó mi á dúró dè mí. Kì í jáde láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi."

Fóònù mi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìyàwó ẹ̀ ni. Àbúrò mi ni ìyàwó ọ̀hún, ọmọ ìyá mi gan-an:

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàálù tí mo wọ̀ ti fẹ́ gbéra. Ẹ lè gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì báyìí."