Ìwé Ìdáríjì Tí Kàsímù Fọwọ́ Sí Ní Báńkì

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì, ìdí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Kàsímù ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti Làtífátù ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n rẹ́ jẹ, ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Báńkì tó yá wọn lówó ilé ló rẹ́ wọn jẹ.

1.

Ọdún mọ́kànlá ni Kàsímù fi san gbèsè ilé wọn ní Ìtamágà, ní Ìkòròdú. Láàárọ̀ kùtù, á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdó lọ síbi iṣẹ́ ìjọba l'Ékòó. Kí owó oṣù tó dọ́wọ́ rẹ̀, báńkì á ti gé tirẹ̀.

Òun àti Làtífátù ti ṣèlérí pé àwọn á jọ lọ Mẹ́kà. Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní eré, nítorí dókítà sọ pé ojú Làtífátù ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà.

"Bàbá Roqeebah," ni obìnrin náà wí, "kí òkùnkùn tó bò mí, ẹ jẹ́ n fi ojú yìí rí Kààbà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sóhun tí mo tún fẹ́ wò."

"Èmi wá ńkọ́? O ò fẹ́ wò mí mọ́?"

"Ẹ̀yin? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wò yín. Mo ti há yín sórí."

2.

Wọ́n tọ́ Kàsímù pé èèyàn kì í gbé gbèsè rìnrìn àjò Mẹ́kà. Ó ta ìpín tirẹ̀ nínú ilẹ̀ bàbá wọn ní Ẹ̀pẹ́, kó lè san mílíọ̀nù mẹ́rin tó ṣẹ́ kù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti san owó Hájì tirẹ̀. Ti Làtífátù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sì máa ti ìwé orúkọ àwọn tó ń lọ Hájì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dé báńkì. Olúṣèyí, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè ilé, wo ìwé rẹ̀.

"Owó ìjáde kù o, Alhaji ọ̀la. Ẹni tó bá tètè san gbèsè tán, á san owó ìjáde. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà."

"Háà! Ṣé kì í ṣe orí ohun tó ṣẹ́ kù lẹ ti máa ń ṣírò rẹ̀ ni? Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni mo rò, òun ni mo sì mú wá."

"Orí mílíọ̀nù méjìlá tí ẹ kọ́kọ́ yá ni, bàbá. Ẹ san án ná. Tó bá lé, a óò dá a padà kó tó di Jímọ̀."

Ìwé àdéhùn wà nínú àpótí nílé. Wákàtí méjì péré ni ì bá fi lọ wò ó kó sì padà. Kàsímù kò lọ. Ó mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó nínú owó Hájì ìyàwó rẹ̀, ó fi kún un. Kò sọ fún un.

3.

Ẹni tó ń lọ Mẹ́kà a máa tọrọ ìdáríjì kiri, òun náà á sì foríji èèyàn. Ní ọjọ́ Rú, Kàsímù yí ilé àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́ ká. Nírọ̀lẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ Adéòjó aládùúgbò rẹ̀ ní Ìtamágà.

Adéòjó da ojú bolẹ̀. "Àkùkọ yín tó sọnù níjelòó, èmi ni mo pa á jẹ."

"Mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyẹ́ rẹ̀ fi wà lẹ́yìnkùlé ẹ. Mo ti foríjì ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ọkàn fífúyẹ́ yìí ló gbé lọ gba ìwé ilé rẹ̀ ní báńkì lọ́jọ́ Àlàmísì. "Ẹ foríjì mí o," ló wí fún wọn, "èmi náà ti foríji gbogbo yín."

Olúṣèyí rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìwé kan yọ. "Àmín o. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i níbí, kí n lè gbé ìwé ilé yín wá."

Ohun tí ìwé náà sọ ni pé Kàsímù kò ní ohunkóhun gbà mọ́ lọ́wọ́ báńkì náà láéláé. Kò kà á. Ó fọwọ́ sí i.

4.

Jímọ̀ dé, owó kò dé. Olúṣèyí kò gbé fóònù. Wọ́n ti ìwé orúkọ láìsí orúkọ Làtífátù níbẹ̀.

Làtífátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ máa lọ," ló wí. "Ẹ bá mi wò ó."

Ìgbà tí Kàsímù ti Mẹ́kà dé, Roqeebah ọmọ wọn tú àpótí, ó ka ìwé àdéhùn. "Dádì, ẹ wò ó: ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá ṣẹ́ kù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà!"

Wọ́n kọ lẹ́tà. Báńkì fi ẹ̀dà ìwé tí Kàsímù fọwọ́ sí fèsì, wọ́n pè é ní ìwé ìdáríjì. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn báńkì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: "Ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ síbí?"

"Èmi ni."

Wọ́n pa fáìlì dé.

Lọ́dún kejì, owó Hájì fò sókè débi pé owó Làtífátù kò tó nǹkan mọ́. Lónìí, kò ríran rárá.

"Dúdú ni aṣọ Kààbà, àbí?" ló bi ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Dúdú ni."

"Ó dáa. Dúdú náà ni mo ń rí."

5.

Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ilé, ẹ ka àdéhùn yín kí ẹ tó san owó ìjáde. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ò kà, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń dúró dè yín. Ẹ foríji ẹni tó jẹ yín ládìyẹ, ó lójú tó lè fi tijú. Báńkì kò ní. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Oṣooṣù ni Kàsímù ṣì ń kọ lẹ́tà sí wọn, ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fi èyí tó pé ọgbọ̀n ránṣẹ́. Kò tíì sí èsì sí ẹyọ kan:

"Ẹ dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà Làtífátù padà."